Ìka Tí Wọ́n Ní Ó Pa Ọmọ Elégédé

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi elégédé kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní sáà yẹn, n kò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ gan-an ni kò yé mi. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́, kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́, ọmọ Oǹdó ni mí, inú fùfù mi sì pọ̀ díẹ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdọọdún ni mo máa ń ya òdòdó sójú pátákó. Òdòdó náà kì í jọ èyíkéyìí tí àwọn ọmọ náà ti rí rí, síbẹ̀ wọn á dà á kọ, wọn á há a sórí, wọn á sì gbàgbé rẹ̀ kí ọlidé tó parí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó sú mi. Mo ní ohun ọ̀gbìn tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ tóbi, tí ojú lásán lè rí, ni mo fẹ́. Elégédé ló wá sí mi lọ́kàn. Kóró rẹ̀ tóbi, ewé rẹ̀ fẹ̀, òdòdó akọ wà lọ́tọ̀, òdòdó abo wà lọ́tọ̀, orí ìtàkùn kan náà sì ni méjèèjì máa ń wà. Mo lọ sí Oǹdó lópin ọ̀sẹ̀, mo gba kóró lọ́wọ́ ìyá mi, ẹni tó máa ń sá a sórí páànù lẹ́yìn ilé. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó rò pé ẹ̀yìnkùlé mi ni mo fẹ́ gbìn ín sí.

Ẹ̀yìn kíláàsì wa ni a gbìn ín sí, láàárín ògiri àti wáyà tó yí ọgbà ilé-ìwé ká. A kó díẹ̀ nínú kóró náà sínú ìgò tí a ti tẹ́ òwú tútù sí, kí àwọn ọmọ lè rí bí gbòǹgbò ṣe ń yọ. A dojú kóró kan dé, a gbé òmíràn nàró, a fi òmíràn dùbúlẹ̀, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo wọn kọrí sí. Àwọn ọmọ pariwo títí tí tíṣà kíláàsì kẹfà fi wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ti rò pé mo di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tó máa ń béèrè ìbéèrè títí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń sú èèyàn. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, á ní, “Kí ló fà á, Àǹtí?” Bí mo bá sọ ohun tó fà á, á tún béèrè ohun tó fa ìyẹn. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn òdòdó elégédé kan ní nǹkan róbótó kan nídìí, àwọn kan kò sì ní. Mo ní ó káre, mo ní àwọn tó ní nǹkan róbótó nídìí ni abo, ọmọ elégédé nìyẹn. Mo ní kó kà wọ́n fún wa. Ọmọ náà na ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò rẹ̀ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, “Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta…”

“Yéè! Ó ti nàka sí i!” Gbogbo kíláàsì ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan tilẹ̀ fi ọwọ́ bojú.

Bó bá jẹ́ àárín wa níbí lẹ dàgbà sí, ẹ mọ ohun tó mú wọn pariwo. Wọ́n ní èèyàn kì í nàka sí ọmọ elégédé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, pé yóò rà, yóò sì já. Ẹni tó bá fẹ́ fi í han ẹlòmíràn, ńṣe ni á ká ìka rẹ̀ kò. Ẹni tó bá gbàgbé tó na ìka, kó yáa gé ìka ọ̀hún jẹ lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀ràn náà lè tán síbẹ̀. Ọmọ yìí kò gé ìka rẹ̀ jẹ, torí pé mo ti jágbe mọ́ gbogbo wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ lásán ni. A padà sínú kíláàsì, mo sì bá iṣẹ́ lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọ elégédé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lára. Lẹ́yìn náà wọ́n rọ̀, wọ́n sì já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tó kà pátá ló já.

Ẹ wá wo ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ náà. Wọn kò jẹ́ kó bu omi sí ìdí elégédé mọ́. Ọmọ tó jókòó tì í kò fẹ́ kó yá bírò òun lò. Wọ́n ń pè é ní Ọlọ́wọ́ Ikú. Mo fi ìyà jẹ àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀, mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n ká ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nílẹ̀. Ọmọ náà kò béèrè ìbéèrè mọ́. Abẹ́ apá òsì ló ń há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá jáde, bí ẹni tí òtútù mú.

Èmi náà kò mọ ohun tó ń já àwọn elégédé náà. Mo wo fóònù. Fóònù ní ó lè jẹ́ pé omi pọ̀ jù, ó lè jẹ́ pé omi kéré jù, ó lè jẹ́ oòrùn, ó lè jẹ́ kòkòrò, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ kò lọ́ràá, ó lè jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó akọ tó dà bí àtíkè kò dé inú òdòdó abo. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Mo dín omi kù. Wọ́n ń já. Mo fi kún omi. Wọ́n ṣáà ń já.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá ọmọ náà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ọ̀nà Ọ̀dà ni wọ́n ń gbé. Ọmọ jòjòló kan wà lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló yọ lókè ọ̀já. Kò kí mi dáadáa.

“Àǹtí, kí lẹ kọ́ ọmọ mi ní ulé-ùwé yìí?”

Mo ní kí ló dé, mà.

“Kò gbé àbúrò rẹ̀ mọ́. Òun náà tó jẹ́ pé nígbà tí mo wà nínú oyún, òun ló ń ka oṣù fún mi! Bí mo bá ní kó bá mi gbé e kí n rí nǹkan gbé kaná, ẹkún ló máa ń sun. Ó ní ọwọ́ òun máa ń pa nǹkan tí kò tíì gbó.”

Mo wo ọmọ náà. Ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ há sí abẹ́ apá. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Mo ní, “Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá wá nǹkan ṣe sí i.” Kí ni nǹkan ọ̀hún? N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ òdòdó akọ àti abo kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mò ń wá kò ju kí ọmọ yìí lè gbé àbúrò rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Mo tún gba Oǹdó lọ ní Sátidé. Mo rò ó fún ìyá mi, èèyàn tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó sì ti lé èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú pàṣán. Mo rò pé yóò gbè mí.

“O jẹ́ kó nàka sí i?” Ó ranjú mọ́ mi.

“Màmá, ìka kò lè pa elégédé.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Sáyẹ́ǹsì ni.”

“Sáyẹ́ǹsì ọ̀hún ti gbin elégédé rí?”

Mo ní ó ti gbìn ín. Mo ní bí ìka bá ń pa á, kí ló dé tó máa ń já nígbà míì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nàka sí i?

“Ẹnì kan á ti nàka sí i tí ojú wa ò tó o.”

Ó wá bi mí bóyá ọmọ náà gé ọghọ́ rẹ̀ jẹ, ìyẹn ìka rẹ̀. Mo ní rárá. Ó mirí, ó ní ẹ̀yin tíṣà ayé ìsinsìnyí, ẹ ò mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe. Inú bí mi, mo dìde pé mò ń lọ. Bí mo ṣe ń jáde ni mo rí ọmọ elégédé kékeré kan lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ ò rí i, èyí náà ti ń yọ,” mo sì fi hàn án. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ mi. Ìka mi ti ká kò fúnra rẹ̀, n kò mọ ìgbà tó ká kò. Mo bínú wọ mọ́tò padà sí Àkúrẹ́.

Ní Mọ́ńdè, mo pe àwọn ọmọ jọ. Mo ní ó tán, a máa dán an wò. Ìtàkùn náà ti tún yọ ọmọ mẹ́wàá. Mo kó òwú pupa fún wọn, mo ní kí wọ́n so ó mọ́ márùn-ún. Àwọn tí a so òwú mọ́ ni èmi fúnra mi yóò máa nàka sí lójoojúmọ́. Àwọn yòókù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ nàka sí wọn. Bí ìka kò bá ń pa elégédé, ọ̀nà méjèèjì á rí bákan náà. Wọ́n so ó, wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Mo na ìka, mo tún na gbogbo ọwọ́ méjèèjì, mo ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọmọbìnrin wa yìí dúró lókèèrè, ó ń wò mí.

Gbogbo àwọn tó ní òwú pupa ló já. Nínú àwọn tí kò ní òwú, mẹ́ta dúró, wọ́n sì ń tóbi.

Orí mi dàrú. Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ pariwo mọ́, wọ́n kàn ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọmọbìnrin náà sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

“Àǹtí, ọwọ́ tiyín náà ti bàjẹ́.”

Àánú mi ló ń ṣe é! Mo dé ilé, mo ń wo ìka mi. Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo ti kọ́ sáyẹ́ǹsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo jókòó nínú yàrá mi, mò ń rò ó bóyá ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Inú tún bí mi pé ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí n tó rántí láti béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè. Mo pe ọmọ tó jẹ́ olórí kíláàsì, mo ní, báwo lẹ ṣe mú àwọn tí ẹ so òwú mọ́?

“Àwọn tó ti ń pọ́n lára tẹ́lẹ̀ ni, Àǹtí. A ò fẹ́ kí ẹ pa àwọn tó dáa.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi. Wọ́n ti fi àwọn tó ń kú lọ jìn mí, torí wọ́n láàánú elégédé! Mo kó gbogbo wọn jọ, mo ṣàlàyé, mo ya á sójú pátákó, mo ní àwọn yẹn ì bá já bí mi ò tilẹ̀ yọjú síbẹ̀. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.” Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé rí mọ irú “bẹ́ẹ̀ ni” yìí. Ọ̀kan tilẹ̀ ní, “Ṣùgbọ́n wọ́n já, Àǹtí.” Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni tíṣà tó ń ṣí ilé-ìwé, torí náà mo dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá. Ẹ ò bá rí i! Gbogbo òdòdó elégédé náà ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n yẹ́lò bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Nígbà tí a fi kọrin tán ní àsẹ́ńbílì, tí a gbàdúrà, tí ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ nípa èékánná tí wọn ò gé, tí a sì ṣe iṣẹ́ ìṣirò, gbogbo wọn ti pa dé. Àṣé láti ìgbà tí a ti ń ṣe é, kíláàsì mi kò tíì rí òdòdó kan tó ṣí rí. N kò sì rí oyin kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo wá rántí pé lọ́lidé tó kọjá ni wọ́n fi iná àti oògùn lé àwọn oyin tó wà lájà ilé-ìwé, lẹ́yìn tí oyin ta ọmọ kan lára. Ta ni yóò wá gbé àtíkè láti inú akọ lọ sínú abo? Kò sí ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi ń já nìyẹn. Ó kéré tán, mo gbà pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mẹ́ta tó dúró, bóyá kòkòrò kan ló ṣèèṣì bà lé wọn.

Mo bẹ ìyá ọmọ náà pé kó máa mú un wá ní kùtùkùtù. Nígbà tí a dé ìdí elégédé, mo ní kó já òdòdó akọ kan, kó ya ewé yẹ́lò ara rẹ̀ kúrò, kó fi àárín rẹ̀ tó ní àtíkè ra inú òdòdó abo. Ó ní, “Ẹ ṣe é, Àǹtí.”

“Mi ò ṣe é. Ṣebí o ní ọwọ́ tèmi náà ti bàjẹ́.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ húkọ́, ó wá yíjú padà, ó sì ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo àárọ̀ tí a fi wá: á kọ ẹ̀yìn sí mi, á húkọ́, á ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ ra oògùn ikọ́ fún un.

Elégédé so! Wọn kò já. Wọ́n ń wú lójoojúmọ́, àwọn ọmọ sì ń sáré lọ wò wọ́n kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn náà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́ Ikú di ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà. Nínú ìdánwò, mo béèrè ohun tó ń mú kí ọmọ elégédé já. Ọmọ náà kọ èsì rẹ̀ dáadáa, ó kọ ọ́ ju bí mo ṣe kọ́ ọ lọ. Mo fún un ní gbogbo máàkì rẹ̀. Ara tù mí.

Nígbà tí a gba ọlidé, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn elégédé náà, mo lọ kí wọn nílé lọ́nà Ọ̀dà. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ mi. Ó ní, “Àǹtí, ó ti ń gbé e o! Ẹ wò ó.” Ó sì pe ọmọ náà pé kó wá gba àbúrò rẹ̀, kí òun lè bá mi wá omi.

Ọmọ náà wá. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bo ẹnu. Ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo rí i láti ẹ̀gbẹ́. Kò húkọ́. Ìka rẹ̀ ló kì bọ ẹnu, ó gé e jẹ, ó sì gé e kíkankíkan. Lẹ́yìn náà ló gba ọmọ.

Mo rí ojú eyín lára ìka náà, tuntun àti ti tẹ́lẹ̀.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe nídìí elégédé?” Mo bi í bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣebí o kọ ọ́ sínú ìdánwò pé àtíkè ló ń jẹ́ kó dúró?”

“Àtíkè ni, Àǹtí. Mo kàn tún gé e jẹ.”

Kí ni elégédé wa fi hàn án? Ó ra àtíkè sí i, ó gé ìka jẹ, elégédé dúró. Ta ni yóò sọ fún un pé ọ̀kan ló ṣiṣẹ́, èkejì kò ṣiṣẹ́? Èmi ni. Bí mo bá sì sọ ọ́, tí kò gbà mí gbọ́, ṣé kò ní gbé ọmọ náà sílẹ̀ padà? Òun ló tún béèrè ìbéèrè, bó ṣe máa ń béèrè tẹ́lẹ̀.

“Tí mo bá gbàgbé láti gé e jẹ lọ́jọ́ kan ńkọ́, Àǹtí?”

Ìyá rẹ̀ ti gbé omi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀.

“Kò ní ṣe ọmọ náà ní nǹkankan.”

“Ó dá yín lójú?”

Gbogbo sáà yẹn, kò sí ohun kan tó dá mi lójú. Mo ní, “Ó dá mi lójú.”

Ó gbé ọmọ náà lé itan rẹ̀. Ó na ìka náà tààrà sí i, díẹ̀díẹ̀, ojú tèmi ló sì tẹjú mọ́. Ọmọ jòjòló náà wo ìka náà, ó gbá a mú, ó fà á sẹ́nu, ó sì fi èrìgì rẹ̀ tí kò tíì ní eyín gé e jẹ.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí,” ó ní, “ó ti bá mi gé e jẹ.”